Ta Ni Yóò Gun Òkè fún Ilé Hanus?

Skarðsvík, erékùṣù Sandoy
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹsàn-án, 2023

Turið ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù ò tíì mú yín ní Copenhagen? Níbí, afẹ́fẹ́ ti ń gbá ilẹ̀kùn wa láti ọjọ́ Ẹtì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ pè é. Mo mọ̀ pé wàá bi mí ìdí tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, ìwọ sì máa ń sọ pé "Bàbá, mo wà nínú ìpàdé" kí n tó kí ọ tán. Lẹ́tà lè dúró dè ọ́ títí ìpàdé yóò fi parí.

Mo ṣubú. Má fò sókè, mi ò kú. Níbi tí a ti ń kó koríko gbígbẹ wọlé lóṣù tó kọjá ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Èmi náà wo ẹ̀yìn. Àgùntàn Jákup aládùúgbò wa ni mo rí, ó ń jẹ koríko mi. Dókítà ní egungun ìbàdí mi sán, pé yóò jiná, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ gun òkè lọ́dún yìí. Ó ṣeé ṣe kí n má gùn ún mọ́ láé.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyẹn. Ní oṣù Kẹwàá a ó lọ kó àgùntàn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, o sì mọ̀ pé gbogbo ilé tó ní ìpín nínú pápá ló gbọ́dọ̀ mú ẹsẹ̀ wá, ìyẹn ẹnìkan tí yóò bá wọn gun òkè. Ìpín tiwa kò tóbi. Gyllin mẹ́ta àti awọ mọ́kànlá ni ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀, ogún awọ sì ni gyllin kan. Ṣùgbọ́n láti ayé ìgbà tí wọ́n ń fi awọ àgùntàn san owó orí fún ọba ni ilé wa ti wà nínú ìwé pápá, kò sì sí ọdún kan tí ẹsẹ̀ ilé wa kò dé òkè. Èmi nìkan ti gùn ún fún ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ta ni yóò gùn ún lọ́dún yìí?

Ẹ̀rín wà níbí náà o. Pásítọ̀ ti lẹ nọ́ńbà fóònù mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí a máa fi ọrẹ ránṣẹ́ síbẹ̀, torí ẹnikẹ́ni kì í mú owó lọ́wọ́ wá mọ́. Ẹ̀gbẹ́ pátákó tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà orin sí ló lẹ̀ ẹ́ mọ́. Sunneva opó rí 467 lórí pátákó, ó rò pé iye tí a bù fún oníkálukú nìyẹn, ló bá fi króna 467 ránṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó rí 712, ó sì padà sílé. Ó ní Ọlọ́run ti wọ́n jù.

Marjun ìyàwó Jákup ní kí n kí ọ. Ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le. Mo fi itan ẹran gbígbẹ kan ránṣẹ́ sí ọ, má jẹ́ kí àwọn ará Denmark sọ fún ọ pé ó ti jẹrà.

Hanus, bàbá rẹ.


Copenhagen
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu o! Ẹ kú ìrora, ẹ kú ìfaradà. Mo bú sẹ́kún nígbà tí mo ka "mo ṣubú", mo sì bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi àgùntàn Jákup. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lo oògùn yín bí dókítà ṣe wí. Ẹran ti dé. Ọkùnrin tó ń gbé lókè orí mi kan ilẹ̀kùn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan kú sínú yàrá mi. Mo bu díẹ̀ fún un. Kò kan ilẹ̀kùn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bàbá, mi ò ní lè wá. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó gun òkè gan-an ni iléeṣẹ́ wa máa ṣí ohun tí èmi àti ẹgbẹ́ mi ti ń ṣe láti ọdún méjì. Ó máa jẹ́ kí ènìyàn lè fi fóònù sanwó kódà níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìbáà jẹ́ lójú òkun tàbí lórí òkè. Èmi ni wọ́n yàn láti sọ̀rọ̀ níwájú igba ènìyàn. Ọmọ Skarðsvík, Bàbá! Àyà mi ń já, inú mi sì ń dùn.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí gbà yín lóorun. Nígbà kan, ẹja la fi ń gba irun àgùntàn. Lẹ́yìn náà a ń fi awọ sanwó, a tún fi ìbọ̀sẹ̀ híhun gba ọkà bálì. Owó ẹyọ dé, owó bébà dé, a wá dé orí fóònù. Ayé ti rìn, ẹ̀yin ṣì jókòó ti awọ mọ́kànlá! Mo máa fi króna ẹgbẹ̀rún méjì ránṣẹ́ sí fóònù Jákup kí ó bá wa gùn ún. Yóò ti wọlé kí ó tó mu kọfí rẹ̀ tán. Bí pápá náà bá sì ti di wàhálà sí yín lọ́rùn, ẹ kúkú tà á fún un. Ìlera yín ló jẹ mí lógún jù.

Ẹ bá mi kí Sunneva. Ẹ sọ fún un pé kí ó máa gbàdúrà kí wọ́n yan orin kẹta.

Turið yín.


Skarðsvík
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá

Turið,

Lẹ́tà rẹ dé. Owó rẹ náà dé.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a ó gun òkè, Jákup wọlé wá bá mi, kò bọ́ fìlà, kò jókòó. Ó na fóònù sí mi. Ó ní, "Hanus, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ẹ wo nǹkan tí Turið fi ránṣẹ́ sí mi. Bàbá mi wà lójú òkun Greenland fún ìgbà òjò dídì mẹ́ta, ẹ̀yin lẹ gun òkè fún ilé wa. Ṣé ó sanwó fún yín?" Mo ní rárá. "Ṣé ẹ béèrè?" Mo ní rárá. "Kí ló wá dé tí ọmọ yín fi ń lé mi?"

Ojú tì mí nínú ilé ara mi, lójú ọmọ tí mo mọ̀ láti ìgbà tó ti ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ó tẹ fóònù, ó dá owó rẹ padà, ó sì jáde. Ní òwúrọ̀ ó gun òkè fún ilé tirẹ̀ àti fún ilé wa. Ó kó ọ̀dọ́ àgùntàn méje sọ̀kalẹ̀ fún wa, ó bá mi pa wọ́n, ó gbé wọn kọ́ sínú ahéré tí a ń sá ẹran sí. Kò mu ju omi lọ.

Má rò pé fóònù ni mo ń bá jà. Òun ni mo fi ń ra epo ọkọ̀. Ìyá bàbá mi hun ìbọ̀sẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi wọ́, ìyẹ̀fun ló ń gbà sílé. Bàbá mi pẹja fún oníṣòwò kan, kò fojú kan owó títí ó fi pé ọmọ ogún ọdún, kọfí àti ṣúgà ni wọ́n ń wọ̀n fún un. Ọjọ́ tó gba owó bébà àkọ́kọ́, ó jó. Mo mọ oore tí owó ṣe wá. Bí mo bá ra ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù, mo sanwó, mo jáde, kò sí ohun tó so èmi àti ọlọ́jà pọ̀ mọ́. Ohun tó dára nínú owó nìyẹn. Ohun tí o sì sọ fún Jákup nìyẹn: gba tìrẹ, kò sí ohun tó so wá pọ̀ mọ́. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. O fẹ́ kí ọ̀tún sanwó fún òsì.

Bí ilé kan kò bá ní ẹsẹ̀ mọ́, kò yẹ kí ó di pápá mú. Ní ìpàdé pápá oṣù Kejì, n ó dìde, n ó fi gyllin mẹ́ta àti awọ mọ́kànlá lé Jákup lọ́wọ́. Mi ò ní tà á. Orúkọ wa yóò jáde nínú ìwé.

Hanus.


Copenhagen
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé ìbàdí yín ti ń fúyẹ́? Mo kí yín torí pé ẹ kọ́ mi ní ìkíni, bí ẹ̀yin tilẹ̀ gbàgbé tiyín lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ṣẹ Jákup. Mo gbà. Nígbà tí owó náà padà sórí fóònù mi, mo rò pé fóònù ló ṣe àṣìṣe. Ẹ wo bí mo ṣe gọ̀ tó. Mo ti kọ̀wé bẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, ta ni kò kọ́ mi? Mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá, mo wọ bàtà ìyá mi, mo tẹ̀lé yín títí dé odò tó wà nísàlẹ̀ òkè. Ẹ yíjú padà, ẹ ní, "Lọ sílé, lọ bá àwọn obìnrin fọ ìfun." Mo lọ fọ ìfun. Mo fọ ìfun lọ́dọọdún títí mo fi kúrò nílé. Òkè tí ẹ kò jẹ́ kí n gùn, báwo ni n ó ṣe mọ ohun tí a fi ń san án?

Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà oṣù Kẹsàn-án pé "Ta ni yóò gùn ún?" Ẹ kò kọ pé "Turið, ṣé wàá gùn ún?" Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ń wá orúkọ mi níbẹ̀. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ wà lọ́sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ pè mí ni, mi ò mọ ohun tí mi ò bá ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹ kò mọ̀. Ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀ níwájú igba ènìyàn, àwòrán tí mo kọ́kọ́ fi hàn lára ògiri ni ojú ìwé pápá tí orúkọ yín wà. Mo sọ fún wọn pé ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti fi awọ ra nǹkan ní Sandoy, síbẹ̀ awọ mọ́kànlá bàbá mi ṣì ń mú ẹran wọlé lọ́dọọdún. Mo ní ohun tí àwọn ènìyàn bá jọ gbà láàárín ara wọn ní í jẹ́ owó, ìbáà jẹ́ awọ, ìbáà jẹ́ fóònù. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Mo yangàn, Bàbá. Mo fi yín yangàn.

Ẹ má fi pápá náà sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín.

Turið.


Copenhagen
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kọkànlá

Bàbá mi,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyí tí mo ti ń retí lẹ́tà yín. Bí mo bá pè, ẹ ó ní "ara mi dá", ẹ ó sì ní ọkọ̀ ojú omi ti dé, ẹ fẹ́ lọ wò ó. Kí lẹ fẹ́ wò lára rẹ̀? Ogún ọdún ló ti ń dé.

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ti Marjun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Ìdáhùn tí Jákup fún ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ìlà kan lọ: "Marjun ń bọ̀ wá sí ilé ìwòsàn ńlá Copenhagen ní ọjọ́ kẹfà, kò mọ ọ̀nà." Mo wo ìlà yẹn títí. Kò ní "jọ̀ọ́". Kò dárúkọ ohunkóhun tó fẹ́. Mo wá rí i pé ó ti tọrọ gbogbo rẹ̀.

Mo lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ mi, ó sùn lórí ibùsùn mi, mo sùn lórí àga. Láràárọ̀ a jọ ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ fún ìtọ́jú, mo jókòó sí gbọ̀ngàn, mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, mo ń ṣiṣẹ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́ mo ń se omi ẹja fún un. Ó ní ó burú. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní ọbẹ̀, Turið? Bàbá ẹ ni?" Bó bá rẹ̀ ẹ́ jù láti sọ̀rọ̀, yóò máa hun súwẹ́tà, èmi yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ tó fẹ́ lọ, fóònù mi dún. Króna ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, látọ̀dọ̀ Marjun: "fún oúnjẹ àti wàhálà." Bàbá, mo bínú. Mo ń sọ nínú ara mi pé, ṣé òǹtajà ni mí ni? Mo dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán ni mo rántí Jákup tó dúró nínú ilé yín láì bọ́ fìlà, omi sì bọ́ lójú mi.

Marjun bú sẹ́rìn-ín láti inú yàrá. Ó ní, "Jákup ló ní kí n dán ẹ wò!" Mi ò tíì mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí àwàdà. Ẹ bá mi bi í.

Turið yín.


Copenhagen
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kìn-ín-ní, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Káàdì Kérésì yín dé, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, mo sì mọ gbogbo wọn tẹ́lẹ̀.

Ìpàdé pápá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò ní bẹ̀ yín mọ́, torí mo ti bẹ̀ yín. Ohun tí mo fẹ́ ni mo máa sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mi ò sọ ọ́. Mo fẹ́ gun òkè fún ilé wa. Mo ti gba ìsinmi oṣù Kẹwàá níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo ní àgùntàn ń dúró dè mí. Bí ẹ bá fi pápá lé Jákup lọ́wọ́, n ó ṣì wá. N ó gùn ún fún ilé Jákup. Ṣùgbọ́n ilé wa ni mo fẹ́.

Turið.


Skarðsvík
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, 2024

Turið, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Mo jẹ ọ́ ní ìkíni oṣù mẹ́ta ààbọ̀, gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbàdí mi ti jiná. Marjun ti sanra díẹ̀, ó sì ti ń bá Jákup jà bíi ti tẹ́lẹ̀, a dúpẹ́.

O rò pé mo ń bínú sí ọ. Lákọ̀ọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ìtìjú ló kù. Ìbéèrè rẹ pé "ta ni kò kọ́ mi" wọ̀ mí lára, mi ò sì rí ìdáhùn tó yàtọ̀ sí "èmi ni". Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tí mo fà á ya. Ìyá rẹ bá mi wí lálẹ́ ọjọ́ odò yẹn. Ó ní, "Hanus, ọmọ yìí nìkan lo bí, ìfun lo rán an lọ fọ̀." Mi ò dá a lóhùn. Ó ti kú, mi ò lè dá a lóhùn mọ́. Nítorí náà ìwọ ni mo ń sọ fún: mo ṣe àṣìṣe. Dárí jì mí.

Lánàá ni ìpàdé pápá. Gbogbo ilé wà nínú ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, kọfí wà lórí tábìlì. Absalon akọ̀wé ń ka orúkọ àti ìwọ̀n láti inú ìwé. Tí ó bá ka ilé kan, yóò béèrè pé, "Ẹsẹ̀ ta ni?" ẹni náà yóò sì dáhùn. Ó kan wá. Ó ní, "Hanus, gyllin mẹ́ta, awọ mọ́kànlá. Ẹsẹ̀ ta ni?"

Lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn wà lápò mi. Síbẹ̀ mo ti fi ẹnu sọ ọ́ fún Jákup láti oṣù Kẹwàá pé tirẹ̀ ni, àgbà kì í sì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Mo dìde. Mo ní, "Jákup ni mo—"

"Ẹ jókòó, Hanus," ni Jákup wí.

Mo ní, "Mo ti ṣèlérí fún ọ."

Ó ní, "Mi ò gbà. Ṣé tipátipá ni? Ilé yín ní ẹsẹ̀. Turið ni."

Niklas tó ń gbé lókè odò pariwo, "Copenhagen ni Turið wà! Ṣé orí fóònù ló ti fẹ́ máa da àgùntàn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run dárí jì mí.

Jákup kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Niklas, láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ yẹn fi rìn fún ilé mi. Ó sùn lórí àga kí ìyàwó mi lè sùn lórí ibùsùn. A fún un lówó, ó dá a padà. Nínú gbogbo àwa tí a jókòó síbí, ta ló rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ fún ilé mi lọ́dún tó kọjá? Ìwọ?" Niklas gbé ife kọfí rẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Sunneva, tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé, ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ jàre, kọfí ń tutù."

Absalon fa ìlà sórí orúkọ mi nínú ìwé. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, Turið, mo sì ń wò ó bó ṣe ń fa ìlà náà. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ tìrẹ sí, ó ń pè é jáde bó ṣe ń kọ ọ́: Turið, ọmọ Hanus, gyllin mẹ́ta, awọ mọ́kànlá. Obìnrin kankan nínú ilé wa kò tíì wà níbẹ̀ rí. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbá ife kọfí mi dànù sórí tábìlì ìjọba.

Ó wá gbójú sókè, ó ní òun gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ilé náà fúnra rẹ̀, òfin ni. Ó ní, "Ilé Hanus, ẹsẹ̀ ta ni?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo sọ ọ́ kíkankíkan kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́: "Ẹsẹ̀ Turið ni. Èmi ni bàbá rẹ̀."

Hanus.